Ọjọ́ Tí Wọ́n Sún Síwájú

“Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sẹ́nu. Oògùn yín kò fẹ́ ikùn òfìfo.”

“Ẹnu tí n kò tíì fi kí Ẹ̀gbọ́n mi ni o ní kí n fi jẹun? Bá mi pe fóònù ọ̀hún, jàre.”

Láti ìdájí ni Màmá ti múra. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, ó sì ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá mú. Oúnjẹ ọdún wà lórí tábìlì, wọ́n dé e kó má baà tutù. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti ti ìrìn àjò dé lánàá. Òun náà ti wọ aṣọ ńlá, ó ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo oúnjẹ. Ọmọ wọn obìnrin jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Olófòófó ni Màmá sọ ọmọ yìí, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í bo nǹkan. Bí wọ́n bá ra bàtà tuntun fún ọ láti fi yà ọ́ lẹ́nu, kí o tó dé ẹnu ọ̀nà ni Olófòófó á ti sọ àwọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Ilé kún, ilé dùn. Ìyá Olófòófó nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan láàárín ìlú, ó sì ti ń sáré sókè sódò láti àárọ̀ bí ẹni tó fi nǹkan sórí iná tó gbàgbé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣọdún yìí, Sọ́ńdè ni. Ọdún gan-an ti kọjá láti Ọjọ́rú. Gbogbo ilé ló mọ̀, àfi Màmá.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú u, kó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ná.

Nílé, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ọdún dé? Bí ojú kò bá ríran, etí á gbọ́. Bí etí bá di, imú á gbóòórùn. Ṣùgbọ́n ní ìlú onílùú tí wọ́n ń gbé yìí, ọjọ́ ọdún wọn kò yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtí. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, aládùúgbò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ó gba ibi iṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí lẹ sè. Ní èṣí tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọjọ́ iṣẹ́ ni ọdún bọ́ sí. Màmá wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó jókòó ti oúnjẹ láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó padà wálé títí ọwọ́ alẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, inú òkùnkùn ló bá a. Kò tan iná.

“Káàbọ̀,” ni Màmá wí. “Ọdún ti ń lọ. Wá bá mi sìn ín sọ́nà.”

Ó rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ojú rẹ̀ ti wú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ rẹ̀ lára ju bí ẹni pé wọ́n nà án lọ. Ó búra fún ara rẹ̀ pé Màmá kò tún ní dá ọdún ṣe mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè.

Nígbà tí ọdún yìí wá ń bọ̀, ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. “Ọdún ta ni?” ni ọ̀gá bi í. “Tí mo bá ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ní ọdún ní ìlú baba rẹ̀ jókòó sílé, ṣé èmi ni n ó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò?” Ọkọ rẹ̀ náà kò ní sí nílé. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n rán an, kò lè dé ṣáájú Sátidé.

Ọkọ ló kọ́kọ́ dá a lábàá. “Ìyá Olófòófó, ṣé ọjọ́ ló ń jẹ́ ọdún ni, àbí àwọn èèyàn tó bá pé jọ? Ẹ sún un sí Sọ́ńdè. Ojú Màmá kò ríran ka kàlẹ́ńdà. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?”

Àwọn méjèèjì jọ yíjú sí ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kí ló dé tí ẹ̀ ń wò mí?” ni Olófòófó wí.

Òótọ́ ni pé ojú Màmá ti ń ṣú. Bí òjìji ló ṣe ń rí èèyàn, ohùn ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ní gbogbo àárọ̀ ló máa ń bèèrè pé, “Ọdún kù sí mélòó?” Iye tí ọmọ rẹ̀ bá sì sọ fún un náà ni yóò gbà. Fóònù Màmá nìkan ló kù tó lè tú wọn fó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sínú àpò, ó ní kò gba iná dáadáa mọ́, òun fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa tún un ṣe.

“Kó tètè ṣe é o,” ni Màmá wí. “Òun ni n ó fi kí Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Yóò ti ṣe é tán kí ọdún tó dé, Màmá.”

Ọ̀rọ̀ Màmá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn méjì ló ṣẹ́kù nínú ọmọ ìyá wọn. Láti kékeré, bí ọjọ́ ọdún bá mọ́, Màmá kì í fi ohunkóhun kan ẹnu kó tó kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n náà kì í sì í jẹun títí àbúrò rẹ̀ yóò fi kí i. Nígbà tí wọ́n wọlé ọkọ, Màmá á fẹsẹ̀ rìn lọ láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí fóònù dé, ó di orí fóònù, Màmá á sì tún kúnlẹ̀ níbi tó bá wà, àfi bí ẹni pé fóònù lójú. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kọ́kọ́ pè. Bó ti wù kó pẹ́ tó, á jókòó dúró. “Àbúrò ló ń wá ẹ̀gbọ́n,” lọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti bi wọ́n títí pé níbo ni àṣà yìí ti ṣẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn àgbà méjèèjì máa ń fi dá wọn lóhùn.

Kì í ṣe pé alágbàfọ̀ yìí gbàgbé. Ó ti ní i lọ́kàn láti tètè pe Ẹ̀gbọ́n, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà, kó ṣàlàyé fún wọn pé Sọ́ńdè ni wọn yóò gbọ́ ohùn àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń parọ́ fún ìyá ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá? Ojú ń tì í. Ó ní tó bá dọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́rú fi dé bá a níbi iṣẹ́.

Ní Ọjọ́rú náà, àlejò kún hòtẹ́ẹ̀lì. Òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ sílẹ̀, aṣọ á wọ́, ẹ̀rọ á há, ọ̀gá á sì gbọ́. Ìgbà náà ni fóònù Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò rẹ̀ tó wà lórí ìṣó. Ó dún títí. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Fóònù rẹ ń pariwo,” ni ẹnì kejì rẹ̀ wí.

“Àwọn ará ilé ni, wọ́n fẹ́ kí Màmá kú ọdún.”

Nígbà tí aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn wọlé tán, ó sáré lọ, ó ki ọwọ́ tútù bọ inú àpò, ó tẹ fóònù pa. Kò wo ẹni tó ń pè. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó sún ọdún di Sọ́ńdè nìyẹn. Ní báyìí, ó ti fa fóònù tí wọ́n “tún ṣe” náà yọ, ó sì sọ fún Màmá pé kíṣìnì ni òun ti fẹ́ pè é, torí pé ibẹ̀ ló ti máa ń já gaara. Ó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ Màmá Àgbà ni, kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀ Ọjọ́rú fún àbúrò wọn.

Ọmọ Màmá Àgbà ló gbé e, Bọ̀dá Káfíńtà, tí gbogbo ẹbí ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ kú ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé fóònù fún Màmá Àgbà.”

Ó gbọ́ tí Bọ̀dá mí kanlẹ̀.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Èmi nìkan ni. Mo wà ní kíṣìnì.”

“Wá nǹkan jókòó lé.”

“Bọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Màmá wa ti fi wá sílẹ̀. Ìdájí Ọjọ́bọ̀. A sin wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn àgbà ẹbí ní ká má tíì sọ fún yín, pé ká jẹ́ kí ariwo ọdún rọlẹ̀ ná. Mo fẹ́ pè ọ́ lọ́la.”

Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀ títí ó fi jókòó. “Wọ́n ṣàìsàn ni?”

“Àìsàn kankan ò ṣe wọ́n. Ara wọn le lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọṣọ, wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé fóònù lé ẹsẹ̀. A gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní àbúrò àwọn kò tíì kí àwọn. Ọ̀sán pọ́n, wọn ò jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ nọ́ńbà Màmá. Mo ní, ‘Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́kọ́ pè?’ Wọ́n ní bóyá ara rẹ̀ ni kò yá, pé ọ̀rọ̀ ipò kọ́ nìyí. Ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. A tún un pè, ó dún díẹ̀, ó sì kú pátápátá. Láti ìgbà yẹn, kò lọ mọ́.”

Lójú ọkàn, obìnrin náà tún rí ọwọ́ tútù ara rẹ̀ nínú àpò.

“Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú,” ni Bọ̀dá ń sọ lọ. “Omi díẹ̀ ni wọ́n mu, wọ́n lọ sùn. Wọn ò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn ni. Ọjọ́ wọn ló pé, àbúrò mi, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló tilẹ̀ ṣe fóònù yẹn?”

“Ó bàjẹ́ ni, Bọ̀dá,” ló wí, ó sì kórìíra ohùn ara rẹ̀.

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n ń dúró láti kí Màmá Àgbà. Wọn ò tíì jẹun. Wọn ò tíì lo oògùn.”

Ó gbọ́ tí Bọ̀dá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Gbọ́,” ló wí nígbà tó padà sórí fóònù. “Àbúrò mi obìnrin wà níbí. Ìwọ náà mọ̀ pé ohùn òun àti ti ìyá wa, ẹnìkan ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lórí fóònù. Jẹ́ kó bá Màmá sọ̀rọ̀, kí wọ́n rí oúnjẹ jẹ lónìí. Tó bá yá, àwọn àgbà á wá ọ̀nà tí wọn ó gbà tú u fún wọn.”

“Ṣé fóònù ọ̀hún ò ṣe dáadáa náà ni?” ni Màmá ké láti pálọ̀. “Oúnjẹ yìí ti fẹ́ tutù, ojú ọkọ rẹ sì ti fẹ́ já bọ́ sínú abọ́.”

Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Olófòófó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó sì gbé fóònù lọ fún ìyá rẹ̀.

Wọ́n ran Màmá lọ́wọ́ kó lè kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ kú ọdún. Àbúrò yín ni o. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni, wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n máa tẹ fóònù kiri.” Ohùn inú fóònù bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọdún á yabo. O ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ojú rẹ ò ní ríbi lórí àwọn ọmọ. Àdúrà náà dára, ohùn náà sì jọ ohùn Màmá Àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ara alágbàfọ̀ fi bù máṣọ. Màmá ń ṣe àmín. Nígbà tí àdúrà parí, kò tètè gbé fóònù kúrò létí. Ó ń dúró bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbólóhùn kan. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

“Ẹ ṣeun,” ló wí. “Ó dìgbà kan ná.”

Wọ́n gbé e padà sórí àga. Olófòófó ṣí oúnjẹ, ọkọ fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ní ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí. Màmá kò mú ṣíbí.

“Ọmọ Ẹ̀gbọ́n mọ àdúrà ṣe,” ló wí. “Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbé wọ̀ pátápátá.”

Ó yíjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

“Ìgbà wo ni Ẹ̀gbọ́n mi kú?”

Ọkọ, tí kò mọ nǹkan kan, yíjú sí ìyàwó rẹ̀ láti rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, kò lè rẹ́rìn-ín náà mọ́.

“Màmá, ta ló ní…” ni ọmọ Màmá bẹ̀rẹ̀.

“Má parọ́ fún mi. Ojú ló ń dùn mí, orí mi pé.”

“Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni, Màmá. Bọ̀dá Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni.”

Màmá mi orí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà.

“Mo ti dàgbà tó báyìí, Ẹ̀gbọ́n mi ò kí mi lọ́jọ́ ọdún rí láì kọ́kọ́ bi mí pé, ‘Ta ni yẹn? Ṣé olè ẹran ni?’ Ẹ̀yin ò lè gbọ́ ọ, torí etí mi ni fóònù máa ń wà.” Ó fọwọ́ kan etí náà. “Mo kéré gan-an nígbà náà. Ìyá wa se ẹran àlejò sílẹ̀ de ọjọ́ ọdún. Mo dìde lóru, mo ń mú ọ̀kan, mo ń mú ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ìyá wa mú pàṣán, Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn làwọn jẹ ẹ́. Ìyá wa nà wọ́n bí ẹni máa kú, wọn ò sì fún wọn lóúnjẹ ọdún. Mo lọ bá wọn lẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀, mo ní n ò tún ní fi ẹnu kan oúnjẹ ọdún mọ́ láyé mi kí n tó kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Omijé ṣì wà lójú wọn. Wọ́n ní, ‘Ta ni yẹn? Ṣé olè ẹran ni?’ Wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò sọ fún ẹnì kan dọjọ́ ikú. Wọn ò sì fi bú mi rí.”

Ìgbà náà ni omijé bọ́ lójú Màmá. Ó sunkún díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí àgbà ṣe ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún. Nígbà tó pẹ́, Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

“Ọpẹ́ ni pé Ọjọ́bọ̀ ni,” ló wí. “Kò dọjọ́ ọdún. Ká ní wọ́n rí ọjọ́ ọdún ni, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn ì bá jókòó sí láìjẹun, kí wọ́n máa retí mi. Wọ́n lọ kí ọdún tó dé. Wọn ò retí mi. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń tu ara mi nínú.”

Ẹ wo ọ̀nà àbáyọ bó ṣe là sílẹ̀ fún obìnrin yìí, ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò ní ẹ̀gún. Kó sáà ti dákẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn Màmá, pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà sì ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Irọ́ yìí kì í ṣe ìkà. Ta ni yóò pa lára? Ẹni tó kú ti kú.

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ti Olófòófó. Ọmọ náà jókòó gbọin, ó pa ètè méjèèjì mọ́ra ṣìnkún, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti mọ ohun tó kàn. Ẹnu tí kì í bo nǹkan ti mọ̀ ọ́n bò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Obìnrin náà fi orí àga sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, Ọjọ́rú ni ọdún.”

“Ọjọ́rú wo?”

“Ọjọ́rú tó kọjá yìí. Mi ò ráyè níbi iṣẹ́, bàbá Olófòófó ò sí nílé. Mo rántí bí mo ṣe bá yín nínú òkùnkùn ní èṣí. Mo bá sún un di òní. Èmi ni mo sún un, Màmá.”

Màmá kò mira. “Fóònù mi ńkọ́?”

“Kò bàjẹ́. Inú àpò mi ló wà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò jẹun.” Ó fẹ́ dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá dúró níbẹ̀, òun kò tíì sọ ọ́. “Wọ́n pè yín. Àwọn fúnra wọn. Fóònù ń dún níbi iṣẹ́, ọwọ́ mi dí, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò wo ẹni tó ń pè.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ pè mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kí ni wọ́n wí kí wọ́n tó pè?”

“Wọ́n ní bóyá ara yín ni kò yá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ipò kọ́.”

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ọmọ rẹ̀. Kò já a gbà. Ó kàn fà á kúrò ni, ó fi bo èkejì.

“Dé oúnjẹ yẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, oògùn yín.”

“Mo ní kí o dé e. Títí dìgbà wo ni wọ́n fi jókòó?”

“Títí ilẹ̀ fi ṣú.”

“Ó dáa.”

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó tilẹ̀ mu tíì, ó ní, “Màmá, ẹ ṣàánú wa.” Ọkọ bọ́ aṣọ ńlá ọrùn rẹ̀, ó fún ọmọ ní búrẹ́dì ní kíṣìnì, ọmọ náà jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì padà wá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Níta, ẹnì kan ń fọ ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ aládùúgbò ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń pariwo. Oòrùn kúrò lára àga, ó gun ògiri, ó kọjá lọ. Láàárín kan, fóònù dún. Alágbàfọ̀ gbé e, ó wo ẹni tó ń pè. Bọ̀dá Káfíńtà ni.

“Wọ́n ti mọ̀,” ló sọ fún un. “Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Fóònù ò bàjẹ́, Bọ̀dá. Èmi ni mo pa á.”

“Ọlọ́run á tù wá nínú,” ni Bọ̀dá wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú. Obìnrin náà dìde láti tan iná.

“Fi í sílẹ̀,” ni Màmá wí.

Ó dúró sáàárín pálọ̀. Bó ṣe ń wo ìyá rẹ̀ lórí àga nínú òkùnkùn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kò sí ẹni tí Màmá tún máa kúnlẹ̀ kí mọ́ láyé yìí. Màmá ló kù tó jẹ́ àgbà. Àti pé láti àárọ̀, nínú gbogbo ìwọlé-jáde yìí, kò sẹ́ni tó kí Màmá fúnra rẹ̀ kú ọdún. Kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó lọ síwájú àga, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ọdún.”

Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ fi na ọwọ́ láti fà á dìde.

“Ta ni yẹn?” ni Màmá wí. “Ṣé olè ọjọ́ ni?”

Ọmọ rẹ̀ tún sún mọ́ àga náà.

“Èmi ni, Màmá.”

Màmá na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ títí ó fi kàn án. Kò gbàdúrà, àdúrà ọdún náà kò tíì lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, kò sì gbé e kúrò.

“Olófòófó,” ló wí nígbà tó yá, “tan iná. Kí ìyá rẹ bu oúnjẹ wá.”